Sàfúrátù, Yí Fáìlì Náà Padà Kí O Tó Gé E

Siporex, Yopougon,
Àárọ̀ Ọjọ́rú.

Sàfúrátù Àjíkẹ́, ọmọ tí mo bí tí ọkàn mi balẹ̀,

Ṣé o ti jẹun? Bí o kò bá tíì jẹun, gbé ìwé yìí sílẹ̀, lọ jẹun, kí o padà wá kà á. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, àwọn àgbà sì ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìpè tí o pè mí láàárọ̀ yìí kò jẹ́ kí n rí ẹ̀kọ mi mu. O ń sunkún, o ń sọ Faransé, o ń sọ Yorùbá, n ò mọ èwo ni kí n gbọ́. "Maman, c'est gâté! Fíìmù ìgbéyàwó náà ò rìn mọ́! Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á fò, á dúró. Bàbá ìyàwó á gbé omi dé ẹnu, kò ní mu ún!" O ní patronne rẹ, ọ̀gá yín obìnrin, fẹ́ kí iṣẹ́ náà jáde ní samedi, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìdílé ìyàwó ń retí rẹ̀. O ní o ò ṣe mọ́, o máa kó ẹrù rẹ kúrò ní Abobo Gare lọ́la, kí o padà sílé. Kí n tó ní "fara balẹ̀," owó fóònù rẹ ti tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé, kí n fi rán ẹni tó ń lọ sí Abobo Gare lónìí. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, mo mọ̀ ọ́, o máa gbọ́ ìdajì, o máa ní "oui, Maman, j'ai compris," pé ó ti yé ọ, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé Yorùbá ń yé ọ ju bí o ṣe ń sọ ọ́ lọ. Níbi tí kò bá ti yé ọ, kà á sókè, etí rẹ á ràn ọ́ lọ́wọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tí o rí iṣẹ́ montage yìí, gígé àti síso fíìmù, tí ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, Bàbá Adjamé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ní kí ni obìnrin ń wá nídìí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì nígbà tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ àwọn ń wá ẹni tí yóò jókòó tì í. Bàbá rẹ ń wo ilẹ̀. (Bí ẹ̀gbọ́n wọn bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ já bọ́.) Èmi ni mo kúnlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Ọmọ yìí mọ iṣẹ́." Wọ́n ní kò burú, àwọn máa wò ó. Sàfú, wọ́n ti ra àga o! Àga onítìmùtìmù pupa. Wọ́n ti gbé e sẹ́yìn tábìlì, wọ́n ní tìẹ ni. Bí o bá kó ẹrù dé lọ́la, orí àga yẹn ni o máa wà tí irun rẹ á fi funfun, o máa máa tú aṣọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní rà á.

Ohun tó fẹ́ lé ọ kúrò nídìí iṣẹ́ tí o fẹ́ràn kò tó nǹkan. O ò yí fáìlì padà kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí gé e ni. Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹ̀bi mi sì wà níbẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù wa níbí lo dàgbà sí, bàbá rẹ ń ya fíìmù ayẹyẹ, èmi ń ṣe montage, ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kí o tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, èmi á ti yí gbogbo fáìlì padà sílẹ̀ dè ọ́. O wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jáde nínú kámẹ́rà. Mo ń bó ọsàn fún ọ láti kékeré. O dé ọjà, o rí ọsàn pẹ̀lú èèpo, o ní wọ́n ti ba ọsàn jẹ́. Kò bàjẹ́ o. Mú ọ̀bẹ.

Èkíní, ọmọ mi: má gé fáìlì bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà. Kámẹ́rà, ahun ni. Kì í ya gbogbo àwòrán tán. Á ya ọ̀kan dáadáa, fún àwọn tó tẹ̀ lé e, ohun tó bá yí padà nìkan ló máa kọ sílẹ̀. Bí àlùfáà bá jókòó jẹ́ẹ́, kámẹ́rà á ní, "Àlùfáà ṣì wà bẹ́ẹ̀." Bó bá gbé ọwọ́, á ní, "Ti ẹ̀ẹ̀kan náà ni o, ọwọ́ nìkan ló kúrò níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ni Tanti Bàlíkì aládùúgbò wa ṣe ń sọ òfófó: "Ẹni ọjọ́sí yẹn tún ti ṣe nǹkan ìjọ́sí yẹn fún ẹni tí mo wí." Bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ń wí, o gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ èṣí. Ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ ń ṣe nìyẹn. O tẹ àárín fíìmù, ó ní láti sáré padà sẹ́yìn lọ bi àwòrán àkọ́kọ́ pé ta ni wọ́n ń sọ. Ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró, ìwọ sì ń sunkún.

Bí o bá yí fáìlì náà padà sí irú tí a fi ń ṣe montage, ńṣe lo fipá mú kámẹ́rà kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kíkún. Gbogbo àwòrán á pé, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ti ọ̀bẹ bọ̀. Ètò tó ń yí i padà wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ, èmi ni mo fi í síbẹ̀ nígbà tí ò ń kó ẹrù. Kọ́kọ́ fi ọ̀kan kékeré dán an wò. Bó bá ń rìn geere, kó ìyókù sí i, kí o lọ fọ aṣọ. Má jókòó tì í kí o máa wò ó. Wíwò kì í mú un yá.

Ẹ̀kejì. Fáìlì tí o bá yí padà máa wú. Má bẹ̀rù. Nígbà àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ rí i, nídìí fíìmù ìgbéyàwó kan, wọ́n pariwo láti pálọ̀, "Ìyá Sàfú, fáìlì ti lóyún!" Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní bí ńlá bá ti wà nílẹ̀, kí la tún fẹ́ fi kékeré ṣe? Wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn ní Songon lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ àyè nínú káàdì kámẹ́rà. Wọ́n bá pa àwọn ti àkọ́kọ́ rẹ́, bẹ́ẹ̀ èyí tí à ń yí padà ò tíì parí. Ni iná bá lọ!

Nígbà tí iná dé, ibi tí fáìlì náà yí dé nìkan ló kù: ọkọ ìyàwó ti wọlé, àwọn àgbà ti jókòó, ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ẹsẹ̀ kejì ṣì wà níta títí dòní. A fi fọ́tò dí ìyókù, a fi orin lé e. Ọkọ ìyàwó wò ó tán, ó ní, "Ìyá, nínú fíìmù yìí, àpọ́n ṣì ni mí." Mo fún un ní omi tútù.

Nítorí náà, yí i padà, ṣùgbọ́n má pa ti kámẹ́rà rẹ́ títí tí ẹni tó ni iṣẹ́ á fi gbà á lọ́wọ́ rẹ tí á sì rẹ́rìn-ín. Fi ọ̀kan sínú disque dur tí à ń kó fáìlì pamọ́ sí, fi ọ̀kan síbòmíràn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ̀kẹta ló wà láyà mi jù, torí o ní ìdajì iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, fóònù ni wọ́n fi yà á. Jókòó dáadáa.

O ṣì wà ní CM1, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà náà. Ìgbéyàwó kan wáyé ní Treichville láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wa, ilé méjì tí kò fẹ́ràn ara wọn púpọ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ wọn fẹ́ràn ara wọn. Bàbá rẹ kọjú kámẹ́rà sí èrò, wọ́n so fóònù tuntun wọn mọ́ igi, wọ́n kọjú rẹ̀ sí àlùfáà àgbà tó ń ṣàdúrà. Àdúrà wà nínú fóònù, àmín wà nínú kámẹ́rà. Èmi kó méjèèjì pọ̀, mo so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó bára mu rẹ́gí, mo ní iṣẹ́ parí. N ò wo ìparí. Sàfú, n ò wo ìparí!

Ohun tí n ò mọ̀ ni pé kámẹ́rà kì í yẹ̀: vingt-cinq, àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó yá, vingt-cinq mìíràn. Fóònù ní tirẹ̀, bó ṣe wù ú ló ń ṣe. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, á ya trente, ọgbọ̀n. Bí àwọsánmà bá ṣú, á rẹ̀ ẹ́, á dín in kù. Bí èèyàn bá wá kó wọn pọ̀ láì tíì yí wọn padà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa jìnnà síra, títí tí ọ̀kan á fi fi ẹnì kejì sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Wọ́n pe ìdílé méjèèjì sí pálọ̀ ìyá ìyàwó láti wo fíìmù. Èmi àti bàbá rẹ múra, a jókòó síwájú. Àdúrà bẹ̀rẹ̀, ó dùn. Nígbà tó dé àárín, àlùfáà ní, "Ọlọ́run á fún wọn lọ́mọ, tọkùnrin tobìnrin." Gbogbo èrò inú fíìmù dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n kàn ń wò ó. Ó wá dá àdúrà dúró, ó ní, "Ta ló gbé táàsì dí ẹnu ọ̀nà?" Èrò gbé ọwọ́ sókè: "Ààmín!" Wọ́n fi ọwọ́ pa ojú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Bàbá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀.

Àlùfáà ní, "Ẹni tó bá ń fẹ́ kí ìgbéyàwó yìí tú ká..." Ó dúró mí.

"Ààmín! Ààmín! Àmín Yárábì!"

Ta ni kámẹ́rà bàbá rẹ wá sún mọ́ jù níbẹ̀? Ìyá ọkọ. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ó dijú, ó ń fi gbogbo ọkàn ṣe é. Ìgbà yẹn ni àlùfáà tó parí ọ̀rọ̀: "...Ọlọ́run á dójú tì í." Ìyá ọkọ inú fíìmù ò ṣe àmín sí ìyẹn. Ó ń tún gèlè ṣe.

Ìyá ìyàwó dìde. "Mo ti ń sọ ọ́! Ẹ ní mo máa ń ro ibi!" Ìyá ọkọ ní irọ́ ni, òun ò ṣe àmín sí ìyẹn láyé òun. Ìyá ìyàwó ní kí wọ́n dá fíìmù padà sẹ́yìn. Wọ́n dá a padà. Obìnrin náà tún ṣe é, ó tilẹ̀ dà bíi pé ó dùn mọ́ ọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ni." Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ló là á lẹ́nu?" Ìyá ìyàwó ní ọmọ òun ò padà sílé ọkọ mọ́, ó sì fà á wọ yàrá. Ọkọ ìyàwó dúró sí àárín pálọ̀, kò mọ ìyá tí ì bá bẹ̀.

Mo padà sí Siporex pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Mo tú fáìlì fóònù náà wò, mo rí i pé iye àwòrán rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo yí i padà, mo fi dandan lé e: vingt-cinq, láti orí dé ìdí. Mo yí ti kámẹ́rà náà sí irú kan náà. Mo tún wọn so, lọ́tẹ̀ yìí mo wò ó dé òpin. Àmín kọ̀ọ̀kan ti padà sẹ́yìn àdúrà rẹ̀. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún péjọ. Ìyá ìyàwó mú tẹ̀sùbáà dání, ó ń fi ka àmín ìyá ọkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tí àlùfáà dé "Ọlọ́run á dójú tì í," ìyá ọkọ pariwo àmín nínú fíìmù, ó tún pariwo rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́?" Wọ́n gbọ́. Ìyàwó padà sílé ọkọ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti bí tọkùnrin tobìnrin.

Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti inú fóònù wá, má fọwọ́ kan án kí o tó yí i padà sí iye àwòrán kan ṣoṣo. Kí o sì wo ìparí kí o tó fi han ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan ló máa ń bára mu.

Ẹ̀kẹrin. O ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún ọ kò lágbára. Bí a bá ń gúnyán nínú odó, tí à ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ṣe ẹ̀dà fúyẹ́ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, kékeré tí kọ̀ǹpútà á lè gbé. Òun ni kí o gé. Bí o bá gé e tán, kí o sọ fún ètò náà kó padà sórí àwọn fáìlì gidi kó tó gbé fíìmù jáde. Má gbàgbé ìyẹn! Èmi gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé ẹ̀dà fúyẹ́ jáde, ojú gbogbo èèyàn ṣe bàìbàì. O sì mọ àwọn èèyàn wa: ẹni tó bá náwó fún olórin lójú agbo, fíìmù ló ń náwó fún. Bàbá kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n fi òun han òun. Mo na ìka sí ẹnì kan. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyàwó mi nìyẹn."

Ẹ̀karùn-ún, tàbí ẹ̀kẹfà, mo ti ṣì í kà. Lọ bá patronne rẹ lónìí. Sọ fún un pé fáìlì ní láti yí padà, pé ó máa gba àkókò, pé samedi ò ní yẹ̀. Má sọ fún un pé "ça va aller," pé á dára. "Ça va aller" kò yí fáìlì kankan padà rí. Àgbàlagbà tó gbọ́ òótọ́ lónìí á bínú díẹ̀. Èyí tó gbọ́ ọ ní samedi á lé ọ.

Ọmọkùnrin oníkámẹ́rà yín ńkọ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń yọ sínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, bí a tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹja? Mo rí àwọn fáìlì rẹ̀ tí o fi hàn mí. Kò kọ orúkọ sí ọ̀kankan, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ bí aṣọ ìdọ̀tí. N ò sọ nǹkan kan o. Èmi ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kọ́ ọ ní ìwà kó tó wá kí wa, torí bàbá rẹ máa ní kó gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá, àwọn fẹ́ wò ó.

Sàfú mi, bí ó bá di dandan kí o padà sílé, ilẹ̀kùn ò tì. Ọmọ mi ni ọ́, n ò ní fi iṣẹ́ kankan lé ọ sóde. Ṣùgbọ́n má padà nítorí ohun tí bọ́tìnì kan lè tún ṣe. Sunkún rẹ tán, nu imú, kí o jókòó.

Ohun kan kù, nítorí rẹ̀ náà ni mo ṣe ń kọ̀wé dípò kí n wọ ọkọ̀ gbaka wá bá ọ, torí bí mo bá fẹnu sọ ọ́, n ò ní lè parí rẹ̀. Ọjọ́ tí o gba bac, ìwé ẹ̀rí girama rẹ, ìyá mi fa ọ́ mọ́ra ní àgbàlá wa, wọ́n ń gbàdúrà fún ọ, mo fi fóònù mi yà á. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ọkàn rẹ bá yàn ni wàá ṣe, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. O mọ̀ pé ọdún yẹn ò parí kí wọ́n tó lọ bá Ọlọ́run wọn. Fóònù yẹn ṣe bí fóònù ṣe ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu wọn àti ohùn wọn jọ ń rìn. Nígbà tí wọ́n á fi dé ibi orúkọ rẹ, ẹnu wọn ti pa dé, wọ́n ti ń wò ọ́ rẹ́rìn-ín, kí ohùn tó dé tó pè ọ́.

Èmi tí mo ń yí fáìlì gbogbo Yopougon padà, n ò tíì lè yí ìyẹn. Mo máa ń ṣí i. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn ìyá mi, omi á kún ojú mi, n ò ní rí ibi tí n ó tẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn máa ṣe é, wọ́n sunkún jù mí lọ. Mo wá fi í sílẹ̀. Mo ti fi í sínú clé USB, ohun ìkó-fáìlì kékeré tó wà nínú àpò ìwé yìí. Kọ́kọ́ parí iṣẹ́ samedi. Lẹ́yìn náà kí o ti ilẹ̀kùn, kí o yí i padà, kí o gbé e wá sílé wá fi hàn mí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí i kí ìyá mi fi ẹnu ara wọn pe orúkọ rẹ.

Èmi ìyá rẹ, tó ń retí rẹ ní dimanche, ọjọ́ Àìkú.